Ràkúnmí nínú Òwe àti Ìtàn Àwọn Ènìyàn Àgbáyé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Òwe ràkúnmí pọ̀ lẹ́nu àwọn tí wọ́n ń sìn ín, láti etí aṣálẹ̀ Sàhárà títí dé Mòǹgólíà. Díẹ̀ nínú wọn ti dé etí wa ní ilẹ̀ Yorùbá nípasẹ̀ wáàsí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nípasẹ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n a sábà máa ń gbọ́ òwe náà láìmọ ohun tí ẹranko náà ń ṣe tí wọ́n fi pa á. Àwọn ìdáhùn tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ń tọ òwe kọ̀ọ̀kan lọ sí ẹnu iṣẹ́ tí ó ti jáde wá.

Báwo ni orúkọ ràkúnmí ṣe dé inú èdè Yorùbá?

Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ni a ti gbà á. "Raƙumi" ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà tọ ọ̀nà kan náà tí ẹranko fúnra rẹ̀ tọ̀, láti òkè ọya wá. Àwọn tí wọ́n bá ka Bíbélì àtijọ́ yóò rántí orúkọ mìíràn, ìbákasíẹ, èyí tí ràkúnmí ti ń gba ipò rẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ràkúnmí kì í pẹ́ ní ilẹ̀ igbó, nítorí pé ọ̀rinrin kò bá a lára mu, àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri sì ń pa á. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé níbi tí ará aṣálẹ̀ bá ti dárúkọ ràkúnmí, erin tàbí nǹkan mìíràn tí ó wà ní àrọ́wọ́tó ni Yorùbá máa ń dárúkọ.

Ṣé omi ni ó wà nínú iké ràkúnmí?

Rárá, ọ̀rá ni. Ohun tí ó mú kí ẹranko náà lè fara da òùngbẹ ni pé kì í tètè làágùn, ìtọ̀ rẹ̀ máa ń ki, ara rẹ̀ sì lè pàdánù omi púpọ̀ láìṣàìsàn. Bí ó bá wá dé ìdí kànga, ó lè mu nǹkan bí 100 lítà omi láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15. Oníké kan ni ti ilẹ̀ Lárúbáwá, Áfíríkà àti Íńdíà. Oníké méjì ni ti Mòǹgólíà. Bí òwe bá mẹ́nu kan iké, ó dára kí a kọ́kọ́ béèrè pé iké mélòó ni ẹni tí ó pa á ń rí lójoojúmọ́.

Kí ni wọ́n ń fi iké náà pa lówe?

Ní Íjíbítì àti agbègbè rẹ̀, wọ́n máa ń sọ pé bí ràkúnmí bá lè rí iké ara rẹ̀ ni, ìbá ṣubú, ọrùn rẹ̀ ìbá sì ṣẹ́. Ẹni tí ń fi àléébù ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí tirẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń pa á fún. Yorùbá gbé ọ̀rọ̀ kan náà ka orí ènìyàn: "Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń bá ni rí tẹni." Ìyàtọ̀ díẹ̀ wà níbẹ̀. Òwe tiwa gbà pé ẹlòmíràn yóò bá ni wo ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ti Íjíbítì kò fún ẹni tí a ń bá wí ní olùrànlọ́wọ́ kankan.

Àwọn ará Tọ́kì ní tiwọn jẹ́ kí ràkúnmí fúnra rẹ̀ fèsì. Wọ́n ní, "Ọrùn rẹ wọ́," ó ní, "Ibo lára mi ni ó gún?" Wọ́n máa ń pa á nígbà tí ẹnì kan bá ń tọ́ka sí àléébù kan ṣoṣo nínú ohun tí gbogbo rẹ̀ ti dàrú. Mo fẹ́ràn èyí ju ti Íjíbítì lọ, nítorí pé ẹni tí wọ́n ń bú ni ó rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Ǹjẹ́ òótọ́ ni pé àwọn Lárúbáwá ní òwe tí ó jọ "Ọjọ́ ikú erin là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ"?

Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Bí ràkúnmí bá ṣubú, ọ̀bẹ á pọ̀." Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé òwe kan náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n jìnnà síra díẹ̀, iṣẹ́ àwọn ẹranko méjèèjì ni ó sì fa ìjìnnà náà. Ẹran ìgbẹ́ ni erin, ó sì ti kú kí ọ̀bẹ tó dé. Ohun tí òwe wa ń wò ni bí oríṣiríṣi ènìyàn ṣe ń jáde pẹ̀lú oríṣiríṣi irinṣẹ́ nígbà tí nǹkan ńlá bá ṣẹlẹ̀. Ràkúnmí ní olówó, kò sì tíì kú. Lójoojúmọ́ ni ó ń kúnlẹ̀ láti gba ẹrù, tí ó sì ń dìde, nítorí náà kíkúnlẹ̀ rẹ̀ kò dẹ́rù bani. Èyí tí ó bá ṣubú lójú ọ̀nà tí kò lè dìde mọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀: wọ́n ní láti dúńbú rẹ̀ kí ẹ̀mí tó bọ́, nítorí pé òkú ẹran jẹ́ èèwọ̀ fún Mùsùlùmí. Ọ̀bẹ a sì yára jáde, lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń rìn bọ̀ láti ìdájí gan-an. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pa òwe náà fún ẹni tí ó ṣubú kúrò ní ipò, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wá kọ́kọ́ yọwọ́ sí i.

Ta ni ó ni ọ̀rọ̀ koríko gbígbẹ tí ó ṣẹ́ ràkúnmí lẹ́yìn?

Àwọn Lárúbáwá ní òwe náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà sì ní in. Ṣùgbọ́n nínú àkójọ òwe Gẹ̀ẹ́sì kan tí a tẹ̀ ní 1732, ìyẹ́ ẹyẹ tí a fi kún ẹrù kẹ́yìn ni ó ṣẹ́ ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ẹṣin ni ó sì ṣẹ́. Nígbà tí ó fi máa di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, koríko àti ràkúnmí ti gba ipò wọn. Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń di ẹrù mọ̀ pé ràkúnmí ni ó yẹ òwe náà jù lọ, nítorí pé ó ti wà ní ìkúnlẹ̀ kí wọ́n tó máa to ẹrù lé e, tí ẹrù náà sì lè tó 150 sí 200 kílò. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá ó ti pọ̀ jù, àfi ìgbà tí wọ́n bá ní kí ó dìde.

"So ràkúnmí rẹ, kí o sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run": ṣé òwe ni, tàbí hádíìsì?

Hádíìsì ni, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a gbà lẹ́nu Ànábì, ó wà nínú àkójọ tí onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Tirmidhi ṣe, ṣùgbọ́n ó ti di òwe lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí níbi gbogbo. Ọkùnrin kan bi Ànábì Muhammad bóyá kí òun so abo ràkúnmí òun kí òun sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run ni, tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun sì gbẹ́kẹ̀ lé E. Èsì tí ó gbà ni pé kí ó so ó, kí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ronú nípa rẹ̀ bí ẹni pé a so ó mọ́ igi, ṣùgbọ́n igi wo ni a óò rí ní àárín iyanrìn? Ẹsẹ̀ iwájú kan ni wọ́n máa ń ká pọ̀ níbi orúnkún, tí wọn yóò fi okùn kúkúrú dì í kí ẹranko náà má bàa rìn lọ. "Iqal" ni wọ́n ń pe okùn yìí ní èdè Lárúbáwá. Láti ara gbòǹgbò kan náà ni "aql" ti wá, tí ó túmọ̀ sí ọgbọ́n orí, àwọn onímọ̀ èdè wọn láyé àtijọ́ sì ṣàlàyé pé ọgbọ́n ni ó ń di ènìyàn lẹ́sẹ̀ kí ó má bàa yà bàrá. Okùn dúdú tí ọkùnrin Lárúbáwá ń fi de aṣọ ìbòrí rẹ̀ mọ́ orí títí di òní ṣì ń jẹ́ orúkọ yẹn.

Kí ni ìtumọ̀ "N kò ní abo ràkúnmí níbẹ̀, n kò sì ní akọ"?

Ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn mí, n kò ní èrè tàbí àdánù níbẹ̀. Ìtàn tí ó bí i ju òwe náà lọ. Ṣáájú ìgbà Ìsìláàmù, Kulayb tí í ṣe olórí ẹ̀yà Taghlib ní pápá ìjẹko kan tí kò jẹ́ kí ẹran ẹlòmíràn wọ̀. Abo ràkúnmí kan tí ń jẹ́ Sarab, tí ó wà lábẹ́ ààbò obìnrin kan tí ń jẹ́ Basus, darapọ̀ mọ́ àwọn ẹran tí ó wà níbẹ̀, Kulayb sì ta á lọ́fà ní ọmú. Basus fi igbe ta. Jassas, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ láti inú ẹ̀yà Bakr, gbọ́ igbe náà, ó sì pa Kulayb, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó Kulayb jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé 40 ọdún ni Bakr àti Taghlib fi bá ara wọn jà nítorí rẹ̀.

Al-Harith, ọ̀kan nínú àwọn àgbààgbà Bakr, ni wọ́n ní ó sọ pé òun kò ní abo tàbí akọ ràkúnmí nínú ogun náà, tí ó sì jókòó sílé rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹra fún wàhálà lónìí kì í sábà rántí bí ó ṣe parí. Muhalhil, àbúrò Kulayb, pa ọ̀dọ́mọkùnrin ilé Al-Harith kan tí ń jẹ́ Bujayr, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kàn tó okùn bàtà Kulayb ni. Ìgbà náà ni Al-Harith dìde, tí ó di ìhámọ́ra. Láti inú ogun yìí náà ni wọ́n ti ń sọ fún ẹni tí ó bá fa àjálù pé orí burúkú rẹ̀ ju ti Basus lọ. Èyí kò dára lójú mi rárá, nítorí pé obìnrin náà kò ta ọfà, kò sì pa ẹnikẹ́ni.

Báwo ni a ṣe pín ràkúnmí 17 fún ọmọ mẹ́ta?

Àlọ́ onísirò ni èyí, ó sì ti pẹ́ kí a tó máa gbọ́ ọ. Àwọn Mùsùlùmí kan a máa sọ pé Ali ọmọ Abu Talib ni ó dá ẹjọ́ náà. Baba kan kú, ó fi ràkúnmí 17 sílẹ̀, ó ní kí àkọ́bí mú ìdajì, kí èkejì mú ìdámẹ́ta, kí àbíkẹ́yìn mú ìdámẹ́sàn-án. 17 kò ṣe é pín dọ́gba sí ọ̀nà méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́sàn-án, ràkúnmí tí a bá sì fi ọ̀bẹ là sí méjì kò lè ru ẹrù mọ́. Àgbà kan tí ń kọjá lọ fi ràkúnmí tirẹ̀ kún un, ó di 18. Àkọ́bí mú 9, èkejì mú 6, àbíkẹ́yìn mú 2, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 17. Àgbà náà gun tirẹ̀, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Àwọn tí ń sọ àlọ́ náà sábà máa ń dúró síbẹ̀ kí ẹnu lè ya olùgbọ́. Àṣírí rẹ̀ ni pé baba náà kò pín ogún rẹ̀ tán. Bí a bá gé odindi sí ọ̀nà 18, ìdajì jẹ́ 9, ìdámẹ́ta jẹ́ 6, ìdámẹ́sàn-án jẹ́ 2. Ọ̀nà 17 ni gbogbo rẹ̀, ó ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Ẹyọ yẹn ni àyè tí ràkúnmí àgbà náà wọ̀, tí ó sì tún gbà jáde. Kódà, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbà díẹ̀ ju ohun tí baba fún un: mẹ́jọ àti ààbọ̀ ni ìpín àkọ́bí, ó sì mú mẹ́sàn-án lọ sílé. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé Yorùbá, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni òǹkà wa rí. Ẹni tí ó bá pe mẹ́tàdínlógún ti kọ́kọ́ yá ogún tí kò sí nílẹ̀, kí ó tó yọ mẹ́ta kúrò.

Ìtàn ta ni ti ẹni tí ó ṣàpèjúwe ràkúnmí tí kò fojú rí?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ni ín. Àwọn Lárúbáwá sọ ọ́ nípa àwọn ọmọ Nizar mẹ́rin, Mudar, Rabia, Iyad àti Anmar, tí wọ́n ń lọ sí Najran kí adájọ́ lè bá wọn pín ogún. Wọ́n pàdé ọkùnrin kan tí ń wá ràkúnmí rẹ̀ tí ó sọnù. Èkíní ní, "Ṣé olójú kan ni?" Èkejì ní, "Ṣé ó ń tiro?" Ẹ̀kẹta ní, "Ṣé kò ní ìrù?" Ẹ̀kẹrin ní, "Ṣé oníṣákolọ ni?" Ọkùnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo rẹ̀, ó sì mú wọn lọ sílé ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí olè. Níwájú adájọ́ ni wọ́n ti ṣàlàyé: ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ti jẹ koríko, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ kan jinlẹ̀ ju èkejì lọ, ìgbẹ́ rẹ̀ wà lójú kan, nítorí pé ìrù ni ràkúnmí fi ń fọ́n ọn ká, ó sì ń fi koríko tí ó dára sílẹ̀ lọ sí èyí tí kò dára tó o. Adájọ́ ní kí ọkùnrin náà lọ wá ẹran rẹ̀ níbòmíràn.

Nínú Talmud, ìwé òfin àti ẹ̀kọ́ àtijọ́ àwọn Júù, ẹrú méjì tí wọ́n ń kó lọ ni wọ́n mọ̀ láti ojú ọ̀nà pé ràkúnmí olójú kan ni ó ti kọjá. Ti Páṣíà sọ ọ́ nípa àwọn ọmọ ọba mẹ́ta láti Serendip, ìyẹn Sri Lanka; wọ́n tẹ ìtàn náà ní Venice ní 1557 ní èdè Ítálì. Láti ara rẹ̀ ni Horace Walpole, ará Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ "serendipity" ní 1754, èyí tí wọ́n ń lò fún kí ènìyàn ṣèèṣì bá ohun rere pàdé. Àṣìlò gbáà ni lójú tèmi, nítorí pé àwọn ọmọ náà kò ṣèèṣì. Wọ́n wo ilẹ̀ dáadáa ni.

Ṣé ẹnubodè kan ní Jerúsálẹ́mù ni "ojú abẹ́rẹ́" tí ràkúnmí kò lè wọ̀?

Kò sí ẹ̀rí pé ẹnubodè bẹ́ẹ̀ wà rí. Oníwàásù máa ń sọ pé ràkúnmí yóò sọ ẹrù kalẹ̀, yóò kúnlẹ̀, yóò sì rá wọlé, kí ọlọ́rọ̀ lè ní ìrètí. Àwọn mìíràn ní okùn ńlá ni ó yẹ kí a kà, nítorí pé "kamelos" tí í ṣe ràkúnmí àti "kamilos" tí í ṣe okùn jọra ní èdè Gíríìkì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà nínú Mátíù 19:24, Máàkù 10:25 àti Lúùkù 18:25, Kùránì náà sì lo ràkúnmí àti ojú abẹ́rẹ́ nínú Súrà 7, ẹsẹ 40. Ohun tí ó yanjú rẹ̀ fún mi ni pé àwọn Júù tí wọ́n wà ní Bábílónì ń sọ nínú Talmud pé erin ni kò lè gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá. Ẹranko tí ó tóbi jù lọ́kàn wọn ni wọ́n dárúkọ. Ẹni tí ó bá sọ ojú abẹ́rẹ́ di ẹnubodè ti gba ẹ̀rín inú ọ̀rọ̀ náà kúrò.

Kí ló dé tí ràkúnmí kò sí nínú ọdún ẹranko 12 àwọn ará Mòǹgólíà?

Orúkọ ẹranko 12 ni wọ́n fi ń pe ọdún wọn ní ìtẹ̀léra. Wọ́n ní ipò kan ṣoṣo ni ó kù, ràkúnmí àti eku sì ń dù ú. Wọ́n fi àdéhùn sí i pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí ìtànṣán oòrùn ni yóò gbà á. Ràkúnmí kọjú sí ìlà oòrùn. Eku gun orí iké rẹ̀, ó kọjú sí òkè ńlá tí ó wà ní ìwọ̀ oòrùn, orí òkè náà sì ni ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ bà. Láti fi tu ràkúnmí nínú, wọ́n fún un ní ohun kan lára ẹranko méjèèjìlá: etí eku, ètè ehoro, irun àgùntàn, ìrù ẹlẹ́dẹ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìtàn wọn kejì ní ràkúnmí ní ìwo tí ó dára nígbà kan rí, ó sì yá àgbọ̀nrín, tí kò dá a padà mọ́. Ìdí nìyí tí ràkúnmí fi máa ń gbé orí sókè bí ó bá ń mu omi, tí ó ń wo ọ̀ọ́kán: ó ń retí ìwo rẹ̀. Ẹ fi èyí wé ti àwọn Gíríìkì ìgbà Aesop, níbi tí ràkúnmí ti jowú ìwo akọ màlúù, tí ó bẹ Zeus, olórí àwọn òrìṣà wọn, pé kí ó fún òun náà, tí Zeus sì gé etí rẹ̀ kúrú nítorí ojúkòkòrò. Níbi tí wọ́n ti ń sìn ín, ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ni. Níbi tí ó ti jẹ́ àjèjì, olójúkòkòrò ni.

Àwọn ará Mòǹgólíà mọ ìbànújẹ́ ẹranko yìí nínú iṣẹ́ wọn pẹ̀lú. Bí ìyá ràkúnmí bá kọ ọmọ rẹ̀, wọn yóò pe olórin wá, yóò máa kọ "khöös, khöös" tẹ̀dùntẹ̀dùn pẹ̀lú gòjé tàbí fèrè títí tí ìyá náà yóò fi gbà kí ọmọ mu ọmú. UNESCO fi àṣà náà sínú ìwé àwọn ohun tí ó nílò ààbò kíákíá ní 2015.

Àwọn ará Íńdíà àti Páṣíà ńkọ́?

Ní èdè Hindi, "hóró kúmínì lẹ́nu ràkúnmí" ni oúnjẹ tí kò tó nǹkan fún ẹni tí ebi ń pa. "Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀gbẹ́ tí ràkúnmí yóò fi jókòó" ni wọ́n ń sọ nígbà tí ọ̀rọ̀ kò tíì lójú, pàápàá nígbà ìdìbò. Agbéraga tí ó wá pàdé ẹni tí ó jù ú lọ ni ràkúnmí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé abẹ́ òkè. Ní ti Páṣíà, wọ́n ní ènìyàn kò lè gun ràkúnmí kí ó máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n má bàa rí i. Wọ́n tún ń pe ògòǹgò ní ẹyẹ ràkúnmí: bí wọ́n bá ní kí ó fò, ó ní ràkúnmí ni òun, bí wọ́n bá ní kí ó ru ẹrù, ó ní ẹyẹ ni òun. Yorùbá yóò ní kò ṣeku, kò ṣẹyẹ, ṣùgbọ́n àdán tiwa kò fi ti ara rẹ̀ sá fún iṣẹ́.

Ṣé lóòótọ́ ni ràkúnmí máa ń di kùnrùngbùn?

Àwọn Lárúbáwá ń sọ pé ẹnì kan "ń di kùnrùngbùn ju ràkúnmí lọ." Akọ rẹ̀ máa ń le nígbà gígùn, ó sì lè bu ènìyàn jẹ. Àwọn tí ń dà á a máa sọ pé bí o bá ṣẹ̀ ẹ́, bọ́ aṣọ rẹ fún un kí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí inú rẹ̀ yóò fi rọ̀.

Èwo nínú gbogbo òwe wọ̀nyí ni ó sún mọ́ wa jù?

Ti àwọn Hausa ni. Bí ẹnì kan bá ń tẹ̀lé ẹlòmíràn láìbéèrè ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní ó dà bí "raƙumi da akala", ràkúnmí pẹ̀lú okùn rẹ̀. Akala ni okùn tí a fi ń fa ẹranko náà, ọmọdé pàápàá sì lè di orí rẹ̀ mú, kí ó máa fa ohun tí ó ga ju bàbá rẹ̀ lọ gba àárín ọjà kọjá.